Gbèsè ilé ọlọ́dún mẹ́wàá: ta ló ti san tirẹ̀ tán kí ọjọ́ tó pé?

ÌYÁ FÈYÍ (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ kan ni èmi àti bàbá Fèyí ń fà lọ fà bọ̀, a sì fẹ́ kí ẹ̀yin tó ti rìn ín já bá wa dá sí i.

Mọ́gèèjì, ìyẹn owó ilé tí báńkì ń yáni, la fi ra ilé tí à ń gbé, ilé oníyàrá mẹ́ta lọ́nà Ìlọrin. Mílíọ̀nù mẹ́jọ náírà ni báńkì fi kún tiwa, èlé rẹ̀ jẹ́ 24% lọ́dún, ọdún mẹ́wàá la ó fi san án. Ó lé díẹ̀ ní ₦176,000 tí wọ́n ń yọ lóṣooṣù, a ò sì tíì san ju oṣù mélòó kan lọ. Tíṣà ìjọba ni mí, LAUTECH ni bàbá Fèyí ti ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà díẹ̀ mọ́ ọn. Ní báyìí tí Fèyí ti jáde ilé-ìwé tó ń gbọ́ bùkátà ara rẹ̀, ó jọ pé a lè máa rí ₦40,000 yọ sọ́tọ̀ lóṣù, kó má sì ni ilé lára.

Ṣé ká máa san ₦40,000 yìí lé ti báńkì lóṣooṣù ni, àbí ká máa dá a sí àjọ, kó pọ̀ dáadáa, ká tó gbé e lọ fún wọn lẹ́ẹ̀kan? Bàbá Fèyí fara mọ́ àjọ. Ọkàn tèmi ò tíì balẹ̀ lórí èyíkéyìí.

BÀBÁ ONÍBÁŃKÌ (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ìyá Fèyí, ẹ kú oríire ilé. Ẹ̀ka tó ń yá èèyàn lówó ilé ni mo ti ṣiṣẹ́ jù kí n tó fẹ̀yìntì. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí ìdílé tó ń san owó déédéé tí ẹnikẹ́ni ò sì jókòó ṣàlàyé ibi tí owó náà ń gbà lọ fún wọn. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é fún yín.

24% lọ́dún, 2% lóṣù nìyẹn, orí gbèsè tó bá ṣẹ́kù ni wọ́n sì ti ń ṣírò rẹ̀. Lóṣù àkọ́kọ́, 2% mílíọ̀nù mẹ́jọ jẹ́ ₦160,000. Nínú ₦176,385 tí wọ́n yọ, èlé ti gbé ₦160,000 lọ. ₦16,385 péré ló dín ojú owó kù, ìyẹn owó gan-an tí ẹ yá. Lóṣù kejì èlé á dín díẹ̀, ojú owó á jẹ díẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ. Bí ẹ bá san án báyìí títí ọdún mẹ́wàá fi pé, ó lé ní mílíọ̀nù 21 náírà tí ẹ máa san lórí mílíọ̀nù mẹ́jọ.

Owó tí ẹ bá san lé e kì í bá èlé pín, nítorí ẹ ti san èlé oṣù yẹn tán. Gbogbo ₦40,000 yẹn ló máa bọ́ sórí ojú owó. Ẹ wò ó: ₦16,385 ni ìsanwó oṣù kan ń mú kúrò níbẹ̀ báyìí, ₦40,000 máa ń mú ju ìlọ́po méjì ìyẹn kúrò. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í san ₦40,000 lé tirẹ̀ láti oṣù àkọ́kọ́ máa san gbèsè yìí tán láàárín ọdún márùn-ún àti oṣù mẹ́jọ. Àpapọ̀ owó tó máa san á jẹ́ bíi mílíọ̀nù 14.7. Mílíọ̀nù mẹ́fà àti ààbọ̀, ó dín díẹ̀, ni kò ní san mọ́. Kódà bó bá jẹ́ ₦20,000 ló rí, ọdún méje àti oṣù méjì ni, nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.4 ló sì máa kù sápò rẹ̀. Tiyín á yàtọ̀ díẹ̀ nítorí ẹ ti san oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n kò ní jìnnà sí èyí.

Ọ̀rọ̀ àjọ wá ńkọ́? Mo bọ̀wọ̀ fún àjọ, òun ló tọ́ ọ̀pọ̀ wa yọrí. Ṣùgbọ́n owó tó wà lọ́wọ́ alájọ kì í dá èlé báńkì dúró. ₦40,000 fún oṣù méjìlá jẹ́ ₦480,000, alájọ á sì tún yọ ti ọjọ́ kan tirẹ̀ lóṣooṣù bí ó bá jẹ́ àjọ ojoojúmọ́. Bó bá jẹ́ pé lóṣooṣù lẹ ń san án lé gbèsè, lópin ọdún náà gbèsè yín máa fi bíi ₦56,000 kéré sí ti ẹni tó kó ₦480,000 wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọdún kan péré nìyẹn o. Èrò tèmi ni pé kí ẹ máa san án lóṣooṣù.

BÀBÁ ṢỌLÁ (Tákíè)

Ẹ̀gbọ́n Oníbáńkì sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀ kí Ìyá Fèyí tó sáré lọ. Owó tó bá ti wọnú gbèsè ilé kì í ṣeé yọ mọ́. Bí àìsàn bá dé lọ́la, tí owó oṣù sì pẹ́, báńkì kò ní sọ pé "ẹ ti san lé e lóṣù tó kọjá, ẹ sinmi lóṣù yìí." Ìsanwó oṣù yẹn náà ni wọ́n máa bèèrè, wọ́n á sì fi owó ìtanràn lé e bó bá pẹ́.

Lọ́dún tó kọjá ọmọ àbúrò mi ṣàìsàn lóru, ilé ìwòsàn Bowen la gbé e lọ, ibi tí gbogbo wa ṣì ń pè ní Bápítíìsì. Kí ilẹ̀ tó mọ́ wọ́n ti ní ká lọ ra oògùn, ká san ti àyẹ̀wò, ká fi owó sílẹ̀ fún bẹ́ẹ̀dì. Owó tó wà nílẹ̀ ló gbà wá. Bó bá jẹ́ pé orí gbèsè ilé ni mo kó gbogbo rẹ̀ lé ni, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yáni lówó orí fóònù ni ǹ bá sá lọ, èlé tiwọn sì burú ju ti mọ́gèèjì lọ fíìfíì.

Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú owó tó lè san oṣù mẹ́ta fún báńkì, kó wà níbi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá máa san lé gbèsè bí ẹ bá ṣe fẹ́.

ÌYÁ FÈYÍ

Ẹ ṣeun gan-an. Bàbá Ṣọlá, èyí tó wà nílẹ̀ wa kò ju ti oṣù kan lọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí létí. Bàbá Oníbáńkì, mo fi ìṣirò yín han bàbá Fèyí. Ó dákẹ́, ó mú fóònù rẹ̀, ó tún un ṣírò fúnra rẹ̀, iye kan náà ló bá. Ó wá ní kí n bi yín: báwo la ṣe máa sọ fún báńkì? Ṣé ká kàn máa fi owó ránṣẹ́ sínú àkáǹtì náà ni?

BÀBÁ ONÍBÁŃKÌ

Rárá o. Ibí gan-an ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣòfò, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á.

Bí ẹ bá kàn fi owó ránṣẹ́ láìsọ ohun tó wà fún, ẹ̀rọ báńkì lè kà á sí ìsanwó oṣù tó ń bọ̀ tí ẹ san sílẹ̀. Owó náà á jókòó síbẹ̀, ojú owó ò ní dín, èlé á máa lọ bó ṣe ń lọ. Lójú yín ẹ ti san lé e. Nínú ìwé tiwọn ẹ kàn tètè san ni.

Ẹ kọ́kọ́ wá lẹ́tà àdéhùn tí ẹ buwọ́ lù nígbà tí ẹ gba owó, ẹ wá ibi tó ti sọ nípa sísan owó ṣáájú àkókò. Àwọn kan ń gba owó lórí rẹ̀, àwọn mìíràn kò gbà á. Àwọn kan ní iye tí àfikún kò gbọdọ̀ kéré sí, àwọn mìíràn fẹ́ kí ẹ sọ fún àwọn tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ní àfikún kò gbọdọ̀ kéré sí ₦100,000, ẹ̀yin náà á tọ́jú ₦40,000 yín fún oṣù mẹ́ta kí ẹ tó gbé e lọ. Ìyẹn ṣì sàn ju ọdún kan lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ kọ lẹ́tà. Ẹ kọ nọ́ńbà àkáǹtì gbèsè náà sí i, kì í ṣe ti àkáǹtì ìfowópamọ́ yín. Ẹ kọ ọ́ gbangba pé orí ojú owó ni kí wọ́n fi gbogbo àfikún sí. Kí ẹ wá kọ ọ́ pé ẹ fẹ́ kí ìsanwó oṣù dúró bó ṣe wà, kí ọdún gbèsè ló dín kù. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí báńkì mìíràn á dín ìsanwó oṣù kù fún yín dípò ọdún. Ó máa ń dùn mọ́ èèyàn nínú bí iye tí wọ́n ń yọ bá dín, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́wàá yín á ṣì wà níbẹ̀ digbí, èrè yín á sì kéré púpọ̀. Mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n lu òòǹtẹ̀ sórí ọ̀kan fún yín, kí ẹ fi pamọ́. Bí í-meèlì lẹ bá fi ránṣẹ́, ẹ má pa á rẹ́.

Lóṣù tó tẹ̀lé e, ẹ bèèrè fún sítétímẹ́ǹtì gbèsè náà. Kọ́lọ́ọ̀mù tó ń sọ iye tó ṣẹ́kù lẹ máa wò. Bí ẹ bá san ₦40,000 lé e, iye yẹn gbọ́dọ̀ ti fi ₦40,000 dín ju bí ìwé ètò ìsanwó àkọ́kọ́ ṣe wí lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ padà lọ bá wọn lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Mo fẹ́ kí ẹ tún wo ohun kan nínú lẹ́tà àdéhùn: ṣé 24% yẹn dúró ṣinṣin ni, àbí báńkì lè yí i padà? Nígbà tí CBN, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, gbé òṣùwọ̀n èlé tirẹ̀ dé 27.5% ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ọ̀pọ̀ báńkì fi kún ti àwọn oníbàárà wọn. Ní oṣù kẹsàn-án 2025 CBN dín in sí 27%. Bí tiyín bá jẹ́ èyí tó ń yí, ẹ máa kọ lẹ́tà béèrè pé kí wọ́n dín in nígbàkigbà tí ti CBN bá sọ̀kalẹ̀. Kíá ni wọ́n ń gbé e sókè, ṣùgbọ́n ẹni tó bá béèrè ni wọ́n sábà ń rántí láti dín tirẹ̀ kù.

ỌMỌ AKẸ̀SÁN (Ọ̀yọ́)

Ohun tí bàbá sọ nípa owó tó ń jókòó yẹn, ó ṣẹlẹ̀ sí wa pẹ̀lú báńkì kan. Wọ́n kó àfikún wa síbì kan lọ́tọ̀, kò kan gbèsè rárá. Ìyàwó mi ló rí i nínú sítétímẹ́ǹtì. A gbé ẹ̀dà lẹ́tà tó ní òòǹtẹ̀ lọ, wọ́n sì tún un ṣe, wọ́n dá èlé tó yẹ kó ti dín padà fún wa. Ká ní kò sí òòǹtẹ̀ yẹn ni, mi ò mọ ohun tí à bá fi gbèjà ara wa.

TÍṢÀ ÀGBÀ (Ọ̀yọ́)

Ẹ jọ̀wọ́, tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Owó NHF, àpò owó ilé ti ìjọba àpapọ̀ tí òṣìṣẹ́ ń dáwó sí, ni mo fi kọ́ ilé tèmi, mílíọ̀nù márùn-ún ní èlé 6%, ogún ọdún. Bíi ₦35,800 ni wọ́n ń yọ nínú owó oṣù mi. Ṣé kí èmi náà máa san lé e?

BÀBÁ ONÍBÁŃKÌ

Tíṣà, ìdáhùn tèmi fún yín kì í ṣe ti Ìyá Fèyí rárá. Bí ẹ bá ń fi ₦10,000 lé e lóṣooṣù láti ìbẹ̀rẹ̀, nǹkan bíi ọdún mẹ́tàlá àti oṣù méjì ni ẹ máa fi san án tán, èlé tí ẹ sì máa yẹra fún máa tó mílíọ̀nù kan àti ₦350,000. Ó dára. Ṣùgbọ́n 6% nìyẹn. Ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ń yá owó lọ́wọ́ ará ìlú ní èlé tó ju bẹ́ẹ̀ lọ láìpẹ́ yìí. Ọ̀kan nínú irú rẹ̀ ni bọ́ǹdì FGN Savings Bond tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2017: ₦5,000 ni iye tó kéré jù tí èèyàn lè fi wọ̀ ọ́, ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sì ń san èlé rẹ̀. Lọ́dún 2024 èlé rẹ̀ ju 10% lọ. Owó tó ń mú ju 10% wá fún yín kò yẹ kó lọ máa pa gbèsè 6%.

Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ṣá o, nítorí lópin ọdún 2020 èlé bọ́ǹdì yìí já wálẹ̀ kọjá 6%. Ìgbà tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ darí owó yín sí gbèsè. Ohun kejì ni ọjọ́ orí. NHF kì í jẹ́ kí gbèsè kọjá ìgbà tí èèyàn máa fẹ̀yìntì, kí ẹ wá rí i pé ohun tí ẹ ń tọ́jú ti tó san ìyókù kí ọjọ́ yẹn tó dé.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì yá owó ilé kankan tí ẹ ń ka èyí, ẹ lọ bẹ̀rẹ̀ NHF kí ẹ tó ronú nípa báńkì. 2.5% owó tó ń wọlé lóṣù ni. Oṣù mẹ́fà lẹ gbọ́dọ̀ ti dá a kí ẹ tó lè béèrè owó. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ló wà fún, télọ̀ àti oníṣòwò náà lè dá a. Láàárín 6% àti 24%, ilé méjì ló wà níbẹ̀.

OLÓKO KAJÚ (Orílé-Ìgbọ́n)

Àwa tí owó wa kì í wọlé lóṣooṣù ńkọ́? Kajú ni tèmi. Láàárín oṣù kejì sí oṣù karùn-ún ni gbogbo owó ọdún ń dé, ìyókù ọdún, iṣu àti àgbàdo ló ń bọ́ wa.

Ohun tí mo ń ṣe ni pé bí mo bá ti ta kajú, mo máa ń ya ìsanwó oṣù mẹ́fà sọ́tọ̀ kúrò nínú rẹ̀, mi ò ní fọwọ́ kàn án. Èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn àjílẹ̀ àti owó ilé-ìwé, orí ojú owó ni mo ń gbé e lọ kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí. Àwọn kan máa ń sọ pé kí n dúró kí kajú gbówó lórí. Ẹ wò ó, kajú tí wọ́n bá kó sínú àpò máa ń fọn, kílò rẹ̀ á dín, bẹ́ẹ̀ èlé 2% lóṣù kò sinmi. Àfi bí iye rẹ̀ bá máa fò ju ìyẹn lọ kí n tó lè dúró. Mo máa ń sá a dáadáa ní ọjọ́ mẹ́ta kí oníbàárà tó dé, nítorí bó bá gbọ̀n ọ́n lọ́wọ́ tí kò dún kóró-kóró, yóò ní ó tutù, yóò sì gé owó.

ÌYÁ ÌBEJÌ (Under G)

Ẹ̀yin tí ẹ ní yàrá lẹ́yìn ilé, ẹ fi háyà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọdọọdún ni wọ́n ń san án, owó náà á sì tó gbé lé gbèsè. Kìkì pé kí ẹ bi báńkì léèrè tẹ́lẹ̀, nítorí lẹ́tà àdéhùn mìíràn kò gbà kí ẹ fi ilé tí gbèsè wà lórí rẹ̀ háyà láìsọ fún wọn.

AKỌ̀WÉ KỌ́PỌ́RÉTÍÌFÙ

Ìyá Fèyí, ṣé ẹ kò sí nínú kọ́pọ́rétíìfù tíṣà ni? 10% péré ni tiwa. Ẹ yá mílíọ̀nù kan níbẹ̀, ẹ fi pa ojú owó báńkì, ẹ wá máa san ti wa.

BÀBÁ ONÍBÁŃKÌ

Àbá tó dára ni, ẹ kàn bá a wo ìṣirò. 10% kọ́pọ́rétíìfù, orí gbogbo mílíọ̀nù kan ni wọ́n sábà ń gbé e lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kì í ṣe orí èyí tó ṣẹ́kù. Mílíọ̀nù kan fún ọdún méjì, ẹ máa san mílíọ̀nù kan àti ₦200,000 padà, ₦50,000 lóṣù. Bí a bá fi ojú tí báńkì fi ń wo èlé wò ó, nǹkan bíi 18% nìyẹn. Bí wọ́n bá tún yọ èlé náà ṣáájú kí wọ́n tó fún yín lówó, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ṣì sàn ju 24% lọ, ṣùgbọ́n ₦50,000 lóṣù ti kọjá ₦40,000 tí Ìyá Fèyí ní. Bí agbára bá wà, kò burú. Tiyín kò tíì tó bẹ́ẹ̀ báyìí.

OLÙFẸ̀YÌNTÌ (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹnì kan bi mí bóyá òun lè fi owó tó wà nínú RSA, ìyẹn àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì òun, san gbèsè ilé tó ti wà nílẹ̀. Láti ọdún 2022 ni PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, ti gbà kí èèyàn yọ 25% nínú rẹ̀ fún ilé, ṣùgbọ́n ìpín tí èèyàn máa kọ́kọ́ fi sílẹ̀ láti gba mọ́gèèjì ni ó wà fún. Kì í ṣe láti fi san èyí tó ti wà.

ÌYÁ FÈYÍ

A ti fẹnu kò. ₦20,000 máa lọ sí ìpamọ́ tí Bàbá Ṣọlá sọ, ₦20,000 máa lọ sórí ojú owó lóṣooṣù. Bí owó oṣù mẹ́ta bá ti pé nílẹ̀, gbogbo ₦40,000 á máa lọ síbẹ̀. Owó oṣù kẹtàlá tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń san fún wa ní ìparí ọdún, bàbá Fèyí ní ká pín in sí méjì bákan náà. A ti rí ibi tí lẹ́tà àdéhùn ti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀: wọn kì í gba owó lórí sísan ṣáájú, ọjọ́ méje ni kí a fi sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Mo ti kọ lẹ́tà náà. Bí gbèsè bá wá tán, kí ló kù láti ṣe?

LỌ́YÀ ÀDÚGBÒ

Ìyá Fèyí, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn èyí dáadáa, nítorí mo ti rí ọmọ òkú tó ń bá báńkì ṣẹjọ́ lórí ilé tí bàbá wọn ti san tán.

Kí ẹ tó san èyí tó kẹ́yìn, ẹ béèrè fún lẹ́tà tó sọ iye gan-an tó kù àti ọjọ́ tí iye náà máa dúró dà, nítorí èlé ń wọlé lójoojúmọ́. Inú àkáǹtì gbèsè náà ni kí ẹ san án sí, ẹ má fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, bó ti wù kó mọ̀ yín tó. Lẹ́yìn náà ẹ gba lẹ́tà tó sọ pé ẹ kò jẹ wọ́n mọ́, kí ẹ gba C of O tàbí ìwé ilẹ̀ yín tó wà lọ́dọ̀ wọn, kí báńkì sì buwọ́ lu Deed of Release. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi sílẹ̀. Òun ló ń yọ orúkọ báńkì kúrò lórí ilẹ̀ yín, ẹ sì gbọ́dọ̀ lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ibi ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ ìpínlẹ̀ ní Sẹkitéríàtì, Agodi, Ìbàdàn. Bí ẹ kò bá ṣe é, ẹni tó bá lọ wo ìwé ilẹ̀ náà lọ́la máa rí i pé gbèsè ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ tún ní kí báńkì sọ fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè, bíi CRC àti FirstCentral, pé ẹ ti san tán. Ẹ wò ó lẹ́yìn oṣù kan bóyá wọ́n ti ṣe é. Ìdójútòfò iná tó wà lórí ilé náà, báńkì ló sábà máa ń bójú tó o; bí gbèsè bá ti tán, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa san án lọ́dọọdún.

ÌYÁ FÈYÍ

Èló ni lọ́yà máa ń gbà fún Deed of Release yẹn, sà?

LỌ́YÀ ÀDÚGBÒ

Ó yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ lọ́yà kan sí èkejì, owó ìjọba sì wà lọ́tọ̀. Ẹ béèrè méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín, kí ẹ sì gba rìsíìtì ìjọba fúnra rẹ̀, kì í ṣe ti lọ́yà nìkan. Àwọn báńkì kan máa ń ní lọ́yà tiwọn ló gbọ́dọ̀ kọ ìwé náà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí lọ́yà tiyín kà á kí ẹ tó buwọ́ lù ú.